Ẹ Kú Ìjókòó, Mà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́.

Agége ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀ yìí, Red Line tó ń ti Agbádó bọ̀. Yábàá ni mo ń lọ. Ẹ̀gbẹ́ màmá kan ni mo rí àyè jókòó sí. Wọ́n gbé báàgì lé ẹsẹ̀, wọ́n ki íápíìsì bọ etí méjèèjì. Èmi náà yọ fóònù mi. Títí a fi dé Ìkẹjà, kò sẹ́ni tó la ẹnu nínú wa.

Ká ní inú dáńfó la wà ni, ọ̀rọ̀ ìbá ti bẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò ní páàkì. Kọ̀ńdọ́ ò ní ní ṣéńjì, yóò so ẹ́ pọ̀ mọ́ ẹni tí o ò mọ̀ rí, ẹ̀yin méjèèjì á jọ sọ̀ kalẹ̀, ẹ á jọ máa wá ibi tí ẹ ó ti ṣẹ́ owó. Kí ẹ tó pínyà, ẹ ti mọ àdúgbò ara yín. Nínú ọkọ̀ ojú irin, káàdì Cowry la fi ń wọlé. Kálukú ti san tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹnì kejì ní náírà kan. Ara tù wá, a ò sì ní ìdí kankan mọ́ láti bá ara wa sọ̀rọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ orí fóònù ni ojú gbogbo wa wà.

Ìwádìí kan tí mo kà lọ́sẹ̀ tó kọjá ò kúrò lọ́kàn mi. Nicholas Epley àti Juliana Schroeder ló ṣe é, ọdún 2014 ló sì jáde. Wọ́n lọ bá àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Chicago. Wọ́n ní kí àwọn kan bá ẹni tí wọn ò mọ̀ rí sọ̀rọ̀, kí àwọn kan dá jókòó jẹ́jẹ́, kí àwọn yòókù ṣe bí ìṣe wọn. Àwọn tó sọ̀rọ̀ ni ìrìnàjò wọn dùn jù. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bi àwọn mìíràn pé èwo ni wọ́n rò pé yóò dùn, wọ́n ní dídá jókòó ni. Ohun tó wọ̀ mí lára jù ni ìdí rẹ̀: kálukú rò pé ẹnì kejì ni kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì wá ń ṣọ́ ìdákẹ́jẹ́ tí kò sẹ́ni tó bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ní Ìkẹjà, mo ní, “Ẹ kú ìjókòó, mà.”

Kíá ni wọ́n yọ íápíìsì. “Oo, ọmọ mi. O kú ìjókòó.” Mo ní kí wọ́n má bínú pé mo dí wọn lọ́wọ́ orin.

“Orin wo? Kò sí nǹkan kan tó ń kọ nínú ẹ̀. Mo rí i pé o kọjú sí fóònù ẹ, mo ní irú yín kì í fẹ́ kí àgbà máa yọ yín lẹ́nu.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Èmi náà ò wo nǹkan gidi kan lórí fóònù yẹn láti Agége.

Télọ̀ ni wọ́n. Tejúoṣó ni wọ́n ń lọ, láti ra láínì, síìpù àti òwú fún aṣọ ẹbí tó gbọ́dọ̀ parí kí Sátidé tó pé. Wọ́n ní nígbà kan, ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà ló ń jókòó ti maṣíìnì lọ́dọ̀ àwọn. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù, òun náà sì ti ń sọ pé òun ń lọ. Mo sọ fún wọn pé iṣẹ́ mi ti sú mi, ohun tí n kò tíì sọ létí ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò gbà mí nímọ̀ràn kankan. Wọ́n kàn ń ní “Ẹ̀n-ẹ́n,” wọ́n sì ń wo ojú mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro ìkíni wa. Ẹni tó jókòó ní tirẹ̀, ẹni tó dúró ní tirẹ̀, ẹni tó pàtẹ ọjà ní tirẹ̀. “Ẹ kú ìjókòó” ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ò wù á dáhùn “Oo,” ó parí. Ẹni tó bá wù, ó ti rí ibi tí yóò gbà wọlé. Èkó ni mo ń gbé, mo mọ̀ nípa wọn-ṣáǹsì, mo sì mọ ohun tí ọkùnrin mìíràn máa ń rò bí obìnrin bá kọ́kọ́ kí i. Bí ìdáhùn bá ti kúrú, mo máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ látìgbà tí mo ti délé ni ọkàn mi ti ń sọ pé mo sọ̀rọ̀ jù. Kí ló kan ìyá oníyàá nínú wàhálà ọ́fíìsì mi? Ìwádìí wà lórí èyí náà. Lọ́dún 2018, Erica Boothby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn tí kò mọ ara wọn rí jọ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n bi kálukú bó ṣe fẹ́ràn ẹnì kejì tó, àti bó ṣe rò pé ẹnì kejì fẹ́ràn òun tó. Ìfẹ́ tí wọ́n rò pé wọ́n rí gbà kéré sí èyí tí wọ́n rí gbà ní tòótọ́. Mo mọ èyí, síbẹ̀ ọkàn mi ò tíì balẹ̀ tán.

Lẹ́yìn Òṣòdì ni màmá rí i pé etí apá búláòsì mi ti tú. Wọn ò bi mí léèrè. Wọ́n mú abẹ́rẹ́ nínú báàgì, wọ́n fa apá mi mọ́ra, kí a tó kúrò ní Múṣin wọ́n ti gán an. “Má jẹ́ kó tú dé ìgbọ̀nwọ́,” wọ́n ní. Òwú aláwọ̀ ewé ló wà lọ́wọ́ wọn, funfun sì ni aṣọ mi. Ó hàn gbangba. N kò rántí béèrè orúkọ wọn. Aṣọ náà wà lórí àga níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò sì ní tú u.