Òdòdó Kòkó Kọ̀, Bíró Ò Lè Yà Á

Sátidé kan ni mo tẹ̀lé Màámi lọ sí oko kòkó wa lójú ọ̀nà Oǹdó. N ò mú àdá dání. Ìwé ìyàwòrán, pẹ́ńsùlù méjì àti bíró ni mo kó sínú báàgì. Màámi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Mo ní òdòdó kòkó ni mo fẹ́ yà, Mà.

"Èyí tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí?"

Òun náà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá tíì fara balẹ̀ wò ó rí, kì í yọ sórí ẹ̀ka bíi ti ọsàn. Ara igi gan-an ló ti ń yọ, lójú kókó kan tó wú síta bí oówo. (Kókó ara kòkó, ẹ má jẹ́ kí ohùn ṣì yín lọ́nà.) Ibẹ̀ náà ni yóò tún ti yọ lọ́dún tó ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí Màámi fi máa ń pariwo mọ́ àwọn alágbàṣe pé kí wọ́n rọra fi àdá gé èso, kí wọ́n má ṣá ojú kókó. Òdòdó ọ̀hún ò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Ewé òdòdó márùn-ún tó wà níta funfun, wọ́n pọ́n díẹ̀, wọ́n ṣe ṣóńṣó bí ìràwọ̀. Márùn-ún ti inú dà bí àpò kékeré tí wọ́n fa ìlà pupa sí, etí àpò kọ̀ọ̀kan sì nà síta bí ṣíbí aláwọ̀ ìyeyè. Láàárín wọn ni abẹ́rẹ́ márùn-ún ti dúró ṣánṣán, pupa tó ń lọ sí dúdú. Àárọ̀ ló ń là. Bí àwọn kòkòrò tín-tìn-tín kan ò bá bá a gbé àtíkè òdòdó mìíràn wá, kò ní ju ọjọ́ kan sí méjì tí yóò fi já bọ́. Nínú 100, bí 5 bá di èso, ẹ dúpẹ́.

Bíró ni mo kọ́kọ́ fi yà á. Aláǹtakùn ló jáde.

Télọ̀ ni mí, ní Lágeré, mi ò kọ́ àwòrán níbì kankan. Oníbàárà mi kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ọnà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló fún mi níwèé ìyàwòrán yẹn. Òun ló sọ fún mi pé ohun tó wà nílé lèèyàn ń fi ṣe é. Ó ní níbí, nílé Ifẹ̀, ni Moyo Okediji, Kunle Filani, Tola Wewe, Bolaji Campbell àti Tunde Nasiru ti dá ẹgbẹ́ ayàwòrán tí wọ́n ń pè ní Ọnà sílẹ̀ ní 1989, pé ọnà ilé wa ni wọ́n padà sí. Mo bá wo inú ṣọ́ọ̀bù mi.

Ìwé àpò sìmẹ́ńtì tí mo fi ń gé pátánì ló di igi. Mo gbé e padà lọ sóko, mo tẹ́ ẹ mọ́ ara igi, mo fi èédú ra á títí gbogbo híhá-híhá èèpo fi jáde sórí rẹ̀. Mo wá fọwọ́ ya etí rẹ̀. Ìyẹn ni mi lára o! Ogún ọdún ni mo ti ń fi sísọ́ọ̀sì gé nǹkan kó gún, ọwọ́ mi kọ̀ láti ya ìwé wúruwùru.

Funfun ni mo fi àbẹ́là ṣe. Mo fi ìdí àbẹ́là ya òdòdó náà sórí ìwé, kò hàn rárá, mo wá da ọ̀dà olómi lé e. Ibi tí àbẹ́là wà kọ omi, ó dúró ní funfun, bí ẹ̀kọ ṣe máa ń kọ aró lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ.

Osùn ló fìyà jẹ mí. Mo rà á lọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́gbògi, mo pò ó mómi, ó kàn rọ̀ sísàlẹ̀ kọ́ọ̀bù ni. Nígbà tó gbẹ lórí ìwé, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fò lọ bí eruku. Oníbàárà mi ní ọtí líle ló ń fa àwọ̀ rẹ̀ jáde. Bí mo ṣe lọ ra ògógóró láago mẹ́sàn-án àárọ̀ nìyẹn, tí ẹni tó ń tà á ń bi mí pé ṣé kò sí o. Àmọ́ ẹ wo pupa tó jáde! Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kan tó ṣóńṣó fi kan etí òdòdó fẹ́rẹ́, ó wọ inú ìwé lọ.

Abẹ́rẹ́ márùn-ún àárín, abẹ́rẹ́ náà ni mo fi ṣe é. Òwú pupa, ojú rírán márùn-ún péré. Bí ojú abẹ́rẹ́ bá sún mọ́ra jù, ìwé á ya. Méjì ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó mọ̀ ọ́n.

Màámi yà wá ní Ọjọ́bọ̀. Ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ nípọn jù. Ohun tí atẹ́gùn lásán ń já bọ́, o wá rán an mọ́ igi bíi bọ́tìnì?"

Òwú mẹ́fà ni mo fi rán ìdí rẹ̀ mọ́ igi. Tí iná bá dé lálẹ́ yìí, màá tú márùn-ún.