Àlìkámà tí mo gbìn sí ẹ̀yìnkùlé ní Òmù-Àrán

Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, mo ra àlìkámà agolo mílíìkì kan lọ́wọ́ obìnrin Háúsá kan ní ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin, mo sì gbé e lọ sí Òmù-Àrán láti gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé wa, níbi tí ìyá mi máa ń gbin ọkà bàbà sí nígbà òjò. N kò retí ìkórè tó pọ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ni ìdí tí ọkà tí gbogbo wa ń jẹ nínú búrẹ́dì, tí àwọn alátọ̀gbẹ sì ń rò ní òkèlè nílé, fi ń so wọ̀ǹtìwọnti níbòmíràn tí kì í sì í so lọ́dọ̀ wa. Ìyá mi dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé koríko lò ń bomi rin?" Mo ní, "Rárá o mà, àlìkámà ni, ẹ máa wò ó."

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ó yọ ṣírí, èyí tí kì bá tí ṣeé ṣe bí kì í bá ṣe ti jíìnì méjì tó ti yí padà (jíìnì ni àṣẹ tí irúgbìn jogún, tó ń sọ bí yóò ṣe dàgbà). Irú àlìkámà tí wọ́n ń gbìn ní Yúróòpù kí ìgbà òtútù tó wọlé kì í yọ ṣírí àfi bí òtútù bá ti mú un fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan; jíìnì tí wọ́n ń pè ní VRN1 ló ń ṣọ́ ìyẹn, ìyípadà tó sì bá a nínú irú tèmi ni kò jẹ́ kó dúró de òtútù mọ́. Èkejì ni Ppd-D1. Àlìkámà àtijọ́ máa ń dúró de ọjọ́ tí ojúmọ́ rẹ̀ gùn, bẹ́ẹ̀ ojúmọ́ tiwa ní oṣù Disẹ́ḿbà kò pé wákàtí 12. Apá kan DNA, ohun tí a kọ jíìnì sí, tó wà níwájú jíìnì yìí ló já dànù nínú àwọn irú kan, láti ìgbà náà ni wọn kò sì ti ka gígùn ojúmọ́ sí mọ́.

Mo já ṣírí kan, mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, mo fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù, mo sì ka ohun tó kù: hóró 14, tí mẹ́rin nínú wọn hunjọ. Ṣírí tó bá rí ìtọ́jú lè ní 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n pé hóró náà bọ́ kúrò nínú èèpo láìlo odó tún jẹ́ iṣẹ́ jíìnì kan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Q. Pé ṣírí náà sì dúró dè mí lórí igi rẹ̀, ìyípadà nínú jíìnì Btr1 ló fà á, nítorí pé ṣírí àlìkámà inú ìgbẹ́ máa ń fọ́nká fúnra rẹ̀ bó bá ti gbó. Ẹni tó bá ti pẹ́ dé oko yànmọ̀tí, tó bá a pé gbogbo rẹ̀ ti là sílẹ̀, mọ irú àdánù tí mò ń sọ.

Àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì kì í ṣe ọmọ bàbá kan. Koríko méjì ló kọ́kọ́ pàdé nínú ìgbẹ́ ní ìhà Ìlà Oòrùn Àárín Gbùngbùn tí wọ́n bí irú kan tó ní kúrómósómù (okùn tí jíìnì tò sí) 28, èyí tí àwọn àgbẹ̀ sọ di ti oko ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n wá gbé e dé ìtòsí Òkun Caspian, ó bá koríko mìíràn lò, Aegilops tauschii, báyìí ni kúrómósómù náà ṣe di 42. Nígbà tí àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè tẹ àkọsílẹ̀ DNA rẹ̀ jáde ní ọdún 2018, jíìnì tí wọ́n kà ju 100,000 lọ, bẹ́ẹ̀ ti ènìyàn kò ju nǹkan bí 20,000. Nítorí pé koríko mẹ́ta ló dà pọ̀ di àlìkámà yìí, ẹ̀dà mẹ́ta ló sábà máa ń wà fún jíìnì kan, wọ́n sì máa ń bo ara wọn láṣìírí, bí ilé tí orogún mẹ́ta wà: bí ìyáálé kò bá dáná lónìí, ìyàwó kékeré á dá a, ọkọ kò sì ní mọ̀ pé ẹnì kan kò sè.

Ibi tí ìṣòro àwọn tó ń wá àlìkámà tó ń so dáadáa wà nìyẹn. Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní TaGW2, tó ń dènà kí hóró tóbi. Bí wọ́n bá ba ẹ̀dà kan ṣoṣo jẹ́, hóró á fi nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 wúwo sí i. Kí ó tó ju ìdá 15 lọ, àfi kí wọ́n ba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́. Síbẹ̀, hóró tó wúwo kì í ṣe ìkórè. Iye ṣírí orí ilẹ̀, iye hóró inú ṣírí àti ìwọ̀n hóró kọ̀ọ̀kan ni a ń ṣírò pọ̀, bí a bá sì fa ọ̀kan sókè, àwọn yòókù sábà máa ń lọ sílẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá kà á níbì kan pé wọ́n ti rí "jíìnì ìkórè".

Èyí tó sún mọ́ orúkọ yẹn jù lọ, ká sòótọ́, jíìnì tó sọ àlìkámà di kúkúrú ni. Tẹ́lẹ̀, bí àgbẹ̀ bá fún àlìkámà ní ajílẹ̀ púpọ̀, yóò ga, ṣírí rẹ̀ yóò wúwo, lẹ́yìn náà ni yóò wó sínú ẹrẹ̀. Ní ọdún 1935, wọ́n gbé irú kúkúrú kan jáde ní Jàpáànù, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Norin 10. Ní 1946, S. C. Salmon, onímọ̀ ọ̀gbìn ará Amẹ́ríkà, mú irúgbìn rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, Orville Vogel, tó ń wá irú àlìkámà tuntun, fi ṣe iṣẹ́ níbẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí Norman Borlaug tí òun náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ní Mẹ́síkò, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 1970. Jíìnì méjì tó wà nídìí rẹ̀ ni Rht-B1 àti Rht-D1. Púrótéènì kan wà nínú ohun ọ̀gbìn tó dà bíi mẹ́gáàdì tó ti géètì pa mọ́ ìdàgbàsókè. Họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní gibberellin ló máa ń lé e kúrò níbẹ̀ kí igi lè ga. Nínú àlìkámà kúkúrú, jíìnì náà ti yí padà débi pé mẹ́gáàdì yìí kò gbọ́ ti ọ̀gá mọ́, ó jókòó ti géètì. Oúnjẹ tí igi ì bá fi ga wá ṣẹ́rí sínú ṣírí, òdòdó tí ì bá kú sì di hóró. Ó ní ohun tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ o: èhù irúgbìn náà kúrú, bí a bá gbìn ín jìn nítorí ọ̀gbẹlẹ̀, kì í lè yọ.

Ti ẹ̀yìnkùlé wa kò dé orókùn mi. Jíìnì rẹ̀ kọ́ ni mo dá lẹ́bi. Igi kọ̀ọ̀kan kò bí ju ọmọ méjì lọ ní ìdí, nígbà tí ooru oṣù kejì sì dé bá hóró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún, ó gbẹ ẹ́ kí ó tó yó. Ní Kánò, Jigawa àti Borno, òru ọyẹ́ máa ń tutù dáadáa, àwọn àgbẹ̀ sì ń fa omi sí oko, ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ ìwádìí tó ń bójú tó àlìkámà fún orílẹ̀-èdè yìí fi wà ní Maiduguri tí kò sí ní Ìlọrin.

Agolo kan ni mo gbìn. Ohun tí mo kó kò kún ìdajì rẹ̀. Ìyá mi wo koríko tó kù nílẹ̀, ó béèrè ohun tí a lè fi ṣe. Pòròpórò bàbà tirẹ̀, tó ga ju ènìyàn lọ, ló fi ṣe ọgbà ewúrẹ́, ló fi ń dáná, òun náà ló sì ń rẹ sínú àgbo ẹ̀jẹ̀. Mo ní ewúrẹ́ lè jẹ ẹ́. Ó gba hóró náà lọ́wọ́ mi, ó dà á mọ́ bàbà tó ti rẹ fún ògì.