Ìbọn tí ọkọ mi rà, ìbọn tí mo lè gbé

Ìbọn àkọ́kọ́ tó wọlé wa ní Houston kì í ṣe tèmi. Bàbá Ìbejì ló rà á, bí àwọn ọkùnrin ṣe máa ń ra mọ́tò ló sì ṣe rà á: ojú ló fi rà á. AR-15 ni, irú ráífù kan. Ọ̀pá rẹ̀ gùn tó ínṣì 20, ó nípọn, wọ́n gbé awò ńlá kan tí à ń fojú wò láti fi fojú sun nǹkan lé e lórí, ó tún ní ẹsẹ̀ méjì lábẹ́ bí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ya fọ́tò ìgbéyàwó. Nígbà tó de gbogbo ẹ̀ mọ́ ọn tán, mo fi òṣùwọ̀n tá a fi ń wọn ẹrù tá a bá ń lọ sílé gbé e wò. Ó lé ní pọ́n-ùn 11. Mo ní, “Bàbá Ìbejì, ogun wo lẹ ń lọ?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nítorí èmi àtàwọn ọmọ lòun ṣe rà á.

Tírélà ló ń wà. Nínú ọ̀sẹ̀ kan, ó lè má sùn sílé ju alẹ́ méjì lọ. Ta wá ni ìbọn náà máa wúlò fún bí kì í bá ṣe èmi tí mò ń sùn tì í? Ìbéèrè yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa, a ò bi í.

Lóru ọjọ́ kan, ó ti gbé ẹrù lọ sí Oklahoma. Aago méjì kọjá díẹ̀, mo gbọ́ ariwo ilẹ̀kùn gáréèjì. Mo ṣí àpótí irin, mo gbé ìbọn, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ. Ìdí ìbọn náà, ibi tí à ń gbé ti èjìká, gùn jù fún apá mi, ńṣe ni mò ń na ọrùn bí ògòǹgò kí n tó lè fojú kan awò yẹn. Nígbà tí mo fojú kàn án, òkùnkùn ni mo rí, òkùnkùn tí wọ́n sọ di ńlá. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn. Mo ní, “Ta nìyẹn?”

“Ìyàwó, èmi ni o. Ẹ má bínú, omi ni mò ń wá mu.”

Akọ̀wé ni, àbúrò ọkọ mi. Ó ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun ń bọ̀ láti Dallas, ẹ̀gbọ́n gbàgbé, kò sọ fún mi. Ìwúwo ìbọn yẹn ló fa ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ tí kò fi kọjú sí ọmọ èèyàn. Kì í ṣe ọgbọ́n mi. Mo yáa tì í padà sínú àpótí kó tó tan iná. Mi ò sọ fún un títí dòní. Akọ̀wé, bẹ́ ẹ bá ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́. Bàbá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun ló kọ́ wa. Ó wo ìbọn tí mo gbé dé, ó wò mí, ó ní ìbọn náà dára o, ṣùgbọ́n pápá ló wà fún, kì í ṣe kọ́ridọ̀. Ó yá mi ní ọ̀kan tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ínṣì 16, tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ínṣì 16 yẹn ló kúrú jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1934 fàyè gbà fún ráífù lásán; ẹni tó bá fẹ́ kó kúrú jù bẹ́ẹ̀ ní láti kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kó sì gba àṣẹ. Ìdí ìbọn náà ṣeé fà gùn, ó ṣeé tì kúrú. Mo tì í sí ibi tó bá apá mi mu, bẹ́ẹ̀ ni ọrùn mi bọ̀ sípò. Bí Bàbá Ìbejì bá fẹ́ lò ó, yóò fà á jáde. Bọ́tìnnì kan péré ni.

Mo ra irú ìbọn yẹn. Tọ́ọ̀ṣì ni mo kọ́kọ́ rà lẹ́yìn ìyẹn, ṣáájú awò, ṣáájú gbogbo ohun tó ń dán nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí o ò rí ojú rẹ̀, o ò lè mọ̀ bóyá olè ni tàbí àna rẹ. Ẹ ra tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ pẹ̀lú, nítorí èyí tó wà lára ìbọn, ibi tí iná rẹ̀ bá kọjú sí ni ẹnu ìbọn kọjú sí. A kì í fi wá kọ́kọ́rọ́.

Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá kò wúlò nínú ilé. Ibi tó gùn jù nílé mi ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́tàlá lọ. Èyí tí mò ń lò báyìí kò ju àpótí ìṣáná lọ, ẹyọ àmì pupa kan ló wà láàárín rẹ̀. Ojú méjèèjì ni mo ń là wò ó. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo gbé àmì pupa lé àárín bébà ní yáàdì méje, mo yìn ín lẹ́ẹ̀márùn-ún, gbogbo ihò wà nísàlẹ̀. Mo rò pé ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Bàbá yẹn fi ìka hàn mí: ojú awò fi nǹkan bí ínṣì méjì àbọ̀ ga ju ojú ọ̀pá lọ, nítorí náà, níbi tó bá sún mọ́, ọta á balẹ̀ sísàlẹ̀ àmì. “Gbé e sókè díẹ̀,” ló wí. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sára páálí tí awò bá dé.

Okùn tá a fi ń gbé ìbọn kọ́rùn náà pọn dandan. Ẹni tó ní ọmọ méjì tí yóò tì sẹ́yìn, tó tún fẹ́ pe 911, ọwọ́ mélòó ló ní? Ẹ tún yẹra fún irin oníhò tí wọ́n máa ń dè mọ́ ẹnu ìbọn kó má bàa ta padà. Ní pápá, ó dùn. Nínú yàrá, etí á dí. Ìró ráífù lásán ti ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 140 lórí òṣùwọ̀n ariwo, èyí tó lè ba etí jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, lọ.

Ògiri ilé wa níbí kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Igi ni egungun rẹ̀, páálí tí wọ́n ń pè ní sheetrock ni wọ́n kàn mọ́ ọn. Kò sí ọta gidi tí kò ní là á kọjá. Ìdí nìyí tá a fi jókòó, tá a ya àwòrán ilé sórí bébà, tá a wo ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń sùn. A wá pinnu pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, mi ò ní máa wá ẹnikẹ́ni kiri inú ilé. Màá kó àwọn ọmọ sí yàrá mi, màá tilẹ̀kùn, màá pe ọlọ́pàá, màá dúró.

Bàbá bàbá mi, ọdẹ ni ní Ṣakí. Bó bá ti igbó dé, àjà ni ṣakabùlà rẹ̀ ń gbé, àdó ẹ̀tù á wà ní yàrá mìíràn, ọmọ tó bá sì na igi sí ẹlòmíì bí ẹni ń yìnbọn á jẹ ìgbájú. Èmi náà ò fàyè gba àìbìkítà. Inú àpótí irin onínọ́ńbà ni tiwa wà, Táyé àti Kẹ́hìndé ò mọ nọ́ńbà náà. Òfin Texas pàápàá lè fẹjọ́ kan àgbà tó bá fi ìbọn tó ti lọ́ta nínú síbi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ti lè rí i mú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Maryland tàbí Chicago, ẹ wádìí kẹ́ ẹ tó náwó, nítorí òfin ọdún 2013 ní Maryland àti ti 2023 ní Illinois, ìpínlẹ̀ tí Chicago wà, dí ọ̀nà mọ́ ọ̀pọ̀ irú ìbọn yìí. Ẹni tó wà lórí físà ọmọ iléèwé tàbí ti àbẹ̀wò, kó má ṣe dé ìdí fọ́ọ̀mù 4473, èyí tí ẹni tó ń ra ìbọn ní ṣọ́ọ̀bù máa ń kọ, láì kọ́kọ́ bi lọ́yà. Irọ́ lórí fọ́ọ̀mù yẹn, ọ̀ràn ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹni tó ní green card lè rà, bí kò bá sí ohun mìíràn tó dí i lọ́wọ́.

Owó tí a bá fi ra ohun ẹ̀ṣọ́, ọta ni mo fi ń rà. Mo tún ra ráífù kékeré tó ń jẹ ọta kékeré tí wọ́n ń pè ní .22, tí ìrísí rẹ̀ bá ti ńlá mu, nítorí ọta rẹ̀ kò wọ́n. Nílé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mo máa ń fi ìbọn òfìfo ṣe ìdánrawò; ọta kankan kì í wà nínú yàrá náà, mo sì ń yẹ ihò ìbọn wò lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ ìbí àwọn ìbejì ni mò ń pààrọ̀ bátìrì awò àti ti tọ́ọ̀ṣì.

Bàbá Ìbejì ò kọ́kọ́ gbà. Ó ní ìbọn obìnrin ni mo rà. Ní oṣù tó kọjá, mo mú un lọ sí pápá, mo fà ìdí ìbọn gùn fún un, mo dúró sẹ́yìn rẹ̀. Yáàdì méje. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó tẹ ojú mọ́ bébà, ó yíjú sí ìbọn, ó tún yíjú sí bébà.

Mo ní, “Olówó orí mi, ẹ gbé e sókè díẹ̀.”