Tíṣà tó jẹ́ ká jókòó ti iná

Ìléru onígáàsì la fi ń sun ìkòkò láti àárọ̀ òní, tíṣà wa tuntun sì ní kí gbogbo wa jókòó tì í, ọ̀rọ̀ àwọn tíṣà ìkòkò ló wá gbà mí lọ́kàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tá a bá ti mọ ìkòkò tán ó ti kó o lọ nìyẹn, á tẹ nọ́ńbà ooru tó fẹ́ sára ìléru oníná mànàmáná ẹ̀, ó di ìgbà tó bá tutù ká tó fojú kàn án. Ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ọ̀yàn gan-an o, bí amọ̀ ṣe ń dúró sáàárín wíìlì tó ń yí tá a fi ń mọ ìkòkò, bí ìdí ìkòkò ò ṣe ní nípọn jù, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti rí gbogbo ẹ̀. Àmọ́ iná, rárá.

Èyí tuntun ní ká máa yọjú wo kóònù láti inú ihò kékeré tó wà lára ìléru, àwọn ṣóńṣó amọ̀ kéékèèké yẹn tó máa ń tẹ̀ tí iná bá ti mú un tó, kì í sì í ṣe bí ooru ṣe pọ̀ tó nìkan ló ń tẹ̀ ẹ́, bó ṣe pẹ́ tó nínú ooru náà wà níbẹ̀. Gbogbo nǹkan ló ń sọ ìdí ẹ̀: pé ká rọra kọjá 100°C torí omi tó bá kù nínú amọ̀ á di oru, á sì fọ́ ìkòkò, pé ní 573°C quartz, òkúta wínníwínní inú amọ̀, á wú lójijì, tó bá ń tutù bọ̀ á tún súnkì níbẹ̀ náà, ìdí nìyẹn tí ìkòkò fi ń sán mọ́ ẹni tó bá kánjú ṣí ìléru lọ́wọ́. Ìgbà tó wá dín atẹ́gùn kù, tí iná ò rí oxygen tó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á jáde lára glaze, ìyẹn ohun tá a fi ń kun ìkòkò tó máa ń dán bíi gíláàsì tí iná bá mú un, ni mo tó mọ ohun tó ń sọ bàbà inú glaze di pupa dípò àwọ̀ ewé. Inú mi dùn kọjá sísọ!

Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ pé tíṣà tó bá fi iná pamọ́, ìdajì iṣẹ́ ló kọ́ọ̀yàn, àmọ́ ti Marguerite Wildenhain, obìnrin amọ̀kòkò kan, dí mi lẹ́nu. Bauhaus, iléèwé iṣẹ́ ọnà kan ní Jámánì, lòun ti kọ́ṣẹ́, nígbà tó wá ń kọ́ àwọn èèyàn ní Pond Farm ní California, wọn kì í sun ìkòkò táwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá mọ, ńṣe ló ń padà di amọ̀, síbẹ̀ amọ̀kòkò gidi ló ń tibẹ̀ jáde. Paul Soldner, amọ̀kòkò míì ní California kan náà, iná ló gbé ka iwájú ní tiẹ̀: lọ́dún 1960 ó fa ìkòkò jáde nínú iná bó ṣe pọ́n yòò, ó gbé e sínú ewé, ó jẹ́ kí èéfín ya ohun tó bá wù ú sí i lára.

Mo gbà pé ọwọ́ ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ dá sun ìléru lọ́jọ́ kan, ta ló máa wá bá mi tẹ nọ́ńbà nígbà yẹn? Ọ̀dọ̀ tíṣà yìí ni màá dúró sí ní tèmi. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé nígbà tá a bá tún sun, kí n máa kọ bí ooru ṣe ń lọ sílẹ̀ ní wákàtí wákàtí, ó ní kí n mú ìwé dání.