Ìrókò Tó Di Ilẹ̀kùn: ibi tí mo bá ìwé àlọ́ mi dé

Ọ̀sẹ̀ kìíní

Ìwé olójú-ewé 80 kan, bírò dúdú méjì, wákàtí kan lálaalẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Ohun tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àlọ́ Olúrónbí ni mo fẹ́ fà gùn di odidi ìwé, kó sì ṣẹlẹ̀ ní Èkó òde òní. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n: àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèlérí ewúrẹ́ àti àgùntàn fún ìrókò, òun nìkan ló fi ọmọ tó pọ́n bí epo jẹ́ ẹ̀jẹ́.

Níbo ni ìrókò wà l'Ékòó? Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi dúró, àfìgbà tí mo kọjá níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Èbúté-Mẹ́tà, tí mo rí bí wọ́n ṣe to pákó jọ pelemọ. Igi náà ti di pákó, pákó ti di ilẹ̀kùn káàkiri ìgboro, gbèsè Olúrónbí sì wà nínú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Aránṣọ ni mo fi obìnrin náà ṣe. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta

Mo kọ ìwin inú ilẹ̀kùn: ó ga, ó dúdú, ojú rẹ̀ ń yọ iná. Mo kà á sétí àbúrò mi obìnrin. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú o, kò bà mí lẹ́rù." Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ló sọ.

Mo padà sídìí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní 1938. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ojú 16 tí Àgbákò, ìwin burúkú inú ìwé náà, ní ló ń lé oorun lójú mi. Lọ́tẹ̀ yìí, aṣọ rẹ̀ ni mo rí: fìlà irin, ẹ̀wù idẹ, ṣòkòtò awọ. Ẹni tó bá wọ ṣòkòtò ti jí láàárọ̀, ó ti wá a kó tó jáde nílé. Mo gba ìyẹn gbọ́ ju ojú 16 lọ. Ni mo bá wọ́gi lé ewé mẹ́fà. Ìwin mi ti fi pẹ́ńsù káfíńtà há etí báyìí, ó wọ bàtà rọ́bà, ó mú káàdì àjọ dání. Àràárọ̀ ló ń kan ilẹ̀kùn láti inú, ó fẹ́ gba tòní.

Àbúrò mi kà á tán, ó ní kí n sin òun dé ẹnu ọ̀nà.

(Amos Tutuola gba irú igbó yẹn kọjá ní Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, ní 1952, Wọlé Ṣóyíńká túmọ̀ ti Fágúnwà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ọmọ Abẹ́òkúta làwọn méjèèjì, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì jọra rárá. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, torí ẹ̀rù ti ń bà mí pé gbogbo ohun tí mo bá kọ yóò jọ ti Fágúnwà.)

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún

Orin ló ń yọ mí lẹ́nu. Lójú agbo, apàlọ́ á dá a, àwọn ọmọ á gbè é. Inú ìwé ńkọ́? Mo kọ ègbè náà lódindi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ń fò ó bó ṣe ń kàwé lọ. Mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, mo dá a lẹ́nu, "Olúrónbí o...", mo dákẹ́. Kò tiẹ̀ gbójú sókè tó fi gbè é.

Nínú ìwé Fágúnwà, Àkàrà-Ògùn, ọdẹ tó ni ìtàn náà, ní kí òǹkọ̀wé mú kálàmù kó máa kọ ìtàn òun sílẹ̀. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, èrò ti wá gbọ́. Ó ti kó agbo wọnú ìwé! Mo ya ọgbọ́n yẹn lò: àwọn ọmọ iṣẹ́ aránṣọ mẹ́rin ló ń gbe orin nínú tèmi, ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n wà, ẹsẹ̀ wọn ló ń lu ìlù. Nígbà tó bá di orí kẹfà, mo yọ wọ́n kúrò. Lílé nìkan ló kù, mo fi ìlà òfìfo sísàlẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ keje

Ìwé kejì ti dé ìdajì. Ọmọ náà ni mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe sí. Mo pe Màámi lórí fóònù, mo ní ìrókò ti di pákó, ta ló tún máa gba ọmọ?

"Ìyẹn ò le," ni wọ́n wí. "Ta ló la igi?"

Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé. Lálẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ orí keje pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lára.