Ọdún tí mo fi wá ẹni tó mọ̀ tó sì dákẹ́

Ọdún 2025 ti ń kógbá sílé. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ka ilé tí wọ́n kọ́ àti mọ́tò tí wọ́n rà. Èmi ní ìwé kan tí kò tíì parí, àti òkìtì ìwé tí mo kà nítorí rẹ̀. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ni. Ìlú kékeré kan ní Òkè-Ògùn ló ti ṣẹlẹ̀, ìlú tí mo dìídì fi sílẹ̀ láìlórúkọ kí ẹnikẹ́ni má baà pè mí lẹ́jọ́. Ọmọkùnrin kan tó ń múra ìdánwò WAEC jáde nílé lálẹ́, kò padà wọlé mọ́, ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì sì ní òun á mọ ohun tó ṣe é. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ tó ń bọ́ mi, ìdí ìwé yìí ni mo wà látìbẹ̀rẹ̀ ọdún, torí náà òun náà ni màá yẹ̀ wò.

Ìwé kíkà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ ló ń dárúkọ A Good Girl's Guide to Murder fún mi, ìwé Holly Jackson tó jáde ní 2019, tí BBC sì gbé jáde bí eré tẹlifíṣọ̀n ní 2024. Ìlú kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Little Kilton, ni ìtàn náà ti wáyé. Ọmọbìnrin kan sọnù níbẹ̀, wọ́n rí òkú ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ nínú igbó, gbogbo ìlú sì gbà pé ọmọkùnrin yẹn ló pa á kó tó gbẹ̀mí ara rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ọmọ iléèwé kan tó ń jẹ́ Pip fi iṣẹ́ iléèwé bojú, ó tú ọ̀rọ̀ náà padà. Ọmọ Nàìjíríà ni ọkọ ìyá Pip tó tọ́ ọ dàgbà; Amobi tó gbẹ̀yìn orúkọ ọmọ náà, orúkọ Ìgbò ni. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí mo kàn án. Ẹni tí kò bá tíì ka ìwé náà, kó yáa fo ìpínrọ̀ tó kàn.

Olùkọ́ tó pa ọmọkùnrin náà, bàbá ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Pip ni, ọkùnrin tí ọmọ náà ń wọlé rẹ̀ tó ń jáde bí ilé ara rẹ̀. Ọmọbìnrin tó sọnù ńkọ́? Oògùn olóró ló ń tà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń yọ àwọn kan lẹ́nu gan-an, síbẹ̀ owó tó ń pa yẹn, ó fẹ́ fi sá kúrò lábẹ́ bàbá tó ń fojú rẹ̀ gbolẹ̀ ni. Pip alára ń purọ́, ó ń fi àṣírí àwọn èèyàn halẹ̀ mọ́ wọn kí wọ́n lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìwé kẹta fi jáde ní 2021, ọwọ́ òun náà ti kan ẹ̀jẹ̀. Ibi tí mo ti gba Jackson lọ́gàá nìyẹn: kò jẹ́ kí ẹni tó ń wá òtítọ́ bọ́ nínú ẹrẹ̀ tó ń tú.

Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé Pip wá sí Òkè-Ògùn. Ọmọ yẹn máa ń kan ilẹ̀kùn àgbàlagbà, yóò gbé fóònù sílẹ̀ láti gba ohùn wọn, yóò sì bi wọ́n ní ibi tí wọ́n wà lálẹ́ ọjọ́ báyìí. Ọmọ SS3 wo nílùú wa ló máa dúró níwájú Alhaji, tí yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo lẹ wà lálẹ́ ọjọ́ Fúráìdé?" Kó tó parí ọ̀rọ̀ ni wọ́n á ti ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀. Tí bàbá bá sì dé, ìdọ̀bálẹ̀ ló máa fi bẹ̀rẹ̀, ìgbátí ọmọ ló máa tẹ̀ lé e.

Mo padà sọ́dọ̀ àwọn bàbá wa láti wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ní 1971, Lápàdé tó sì fi ṣe akọni kì í ṣe ẹni mímọ́ rárá. Ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ ni, kò sí nínú aṣọ ìjọba mọ́, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá lórí òun. Mo tún ka Owó Ẹ̀jẹ̀ ti Kọ́lá Akínlàdé. Èdè àwọn ìwé yẹn ṣì ń dá mi lọ́rùn. Àmọ́ àgbà ọkùnrin ló ń wádìí níbẹ̀. Wọ́n lè jókòó ti ẹlẹ́mu, wọ́n lè jágbe mọ́ èèyàn, wọ́n lè fa ẹni tí kò sọ òótọ́ lẹ́wù. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún kò ní ìkankan nínú ìyẹn.

Ohun tó ní ni iṣẹ́ tí wọ́n ń rán an.

Ibí yìí ni ìwé mi ti yí padà. Ta ló ń wọ gbogbo ilé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í ní ohun tó wá ṣe? Ọmọ tí wọ́n rán ni. "Lọ bá mi gba abọ́ mi lọ́wọ́ ìyá Ṣèyí." "Gbé oúnjẹ yìí lọ fún bàbá Adínnì, kí o sì dúró gba àwo." Ó ń kúnlẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, nǹkan tí ẹni tó dúró kò ní rí sì wà tí ẹni tó kúnlẹ̀ máa rí: bàtà tí ẹrẹ̀ gbẹ sí lábẹ́ àga, àpò ìrìn-àjò tí wọ́n tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí wọ́n bá ń di irun rẹ̀, orí rẹ̀ wà láàárín orúnkún onídìrí, àwọn obìnrin á máa sọ̀rọ̀ lókè orí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Mo tún gbogbo orí tó ti ń wádìí kọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sí ibì kan mọ́ tó ti béèrè ìbéèrè gbangba lọ́wọ́ àgbà. Ó kàn ń jẹ́ iṣẹ́, ó sì ń pẹ́ díẹ̀ kó tó padà sílé. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́dún yìí, èyí nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó dára.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ tó bọ́ sí i lọ́wọ́, rìsíìtì POS ni. Ẹ mọ irú obìnrin tí mò ń wí: agboòrùn ńlá ní ìkóríta, tábìlì kékeré, àga oníke, ìwé ẹ̀kọ́sáàsì tí etí rẹ̀ ti ká tó ń kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sí. Àbúrò bàbá ọmọkùnrin tó sọnù ní òun wà níbi àìsùn ní ṣọ́ọ̀ṣì lóru ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n rìsíìtì wà tí ọjọ́, aago àti nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn káàdì rẹ̀ hàn lórí rẹ̀, owó tó gbà sì pọ̀ ju ohun tí èèyàn ń mú lọ síbi àdúrà. Ọmọbìnrin wa jí rìsíìtì náà, ó kì í sápò yúnífọ́ọ̀mù. Ìyá rẹ̀, tó ń ṣàánú ọmọ tó ti ń kàwé títí ilẹ̀ fi ṣú, fọ yẹ̀rì rẹ̀ bá a, kò fọ bùláòsì torí kò dọ̀tí, áyọ́ọ̀nù eléèédú ló kàn fi tẹ̀ ẹ́. Àpò bùláòsì sì ni rìsíìtì wà.

Mo dán an wò nílé. Mo fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ rìsíìtì kan tí mo gbà lọ́jà, ó sì dúdú látòkè délẹ̀, ẹyọ lẹ́tà kan kò ṣeé kà mọ́. Bébà yẹn kì í lo yíǹkì rárá. Ooru inú ẹ̀rọ ló ń mú kí ọ̀rọ̀ hàn lára rẹ̀, ooru náà ló sì lè pa á rẹ́. Mo yọ̀ bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Ẹ̀rí bàjẹ́ láìsí ọ̀tá kankan, ìfẹ́ ìyá ló bà á jẹ́, ó wá ku ìwé ẹ̀kọ́sáàsì obìnrin oní-POS àti ohun tó wà nínú ọpọlọ rẹ̀.

Obìnrin náà mọ̀. Òun ló ka owó náà sọ́wọ́ àbúrò bàbá ọmọkùnrin yẹn, ó sì rí i tó wọ mọ́tò kan tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò sì sọ̀rọ̀. Nínú àkọsílẹ̀ mi àtijọ́, ọkùnrin náà ti fún un lówó pé kó pa ẹnu mọ́. Mo yọ ìyẹn kúrò, ó rọrùn jù. Ní báyìí, ọkùnrin náà ló san owó WAEC ọmọ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, kò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní. Òun náà ni wọ́n ń pè bí ẹ̀rọ omi àdúgbò bá bàjẹ́. Kò tíì bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó rí òun. Mo ti ń gbé nílùú kékeré tipẹ́, mo sì mọ̀ pé irú ìdákẹ́ báyìí le ju èyí tí wọ́n fowó rà lọ. Ẹni tí wọ́n fowó rà lè bínú lọ́jọ́ kan kó tú u. Ẹni tó ń dá oore padà kò ní ọjọ́ tí yóò ní ó tó.

Ọmọbìnrin wa kò rí ìwé náà gbà, ó bá gbé irọ́ kalẹ̀. Ó ní òun rí ọlọ́kadà kan pẹ̀lú ọmọkùnrin yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọgbọ́n tó dá ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti dé teṣán, ẹ̀rù á ba ẹni tó mọ òótọ́, á sì sọ̀rọ̀. Ọlọ́kadà ọ̀hún gbọ́, ó sá lọ. Àwọn ọlọ́pàá débẹ̀, wọn ò bá a, wọ́n gbé ìyá rẹ̀.

Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, ti ọdún 2015, sọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan dípò afurasí. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 náà, nínú abala karùndínlógójì, ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n bá mú dé kọ́ọ̀tù láàárín ọjọ́ kan bí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín ogójì kìlómítà; bí kò bá sí nítòsí tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjì, tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ bí kọ́ọ̀tù bá rí i pé ó tọ́. Ogójì kìlómítà yìí gbà mí lọ́kàn gan-an. Ìlú inú ìwé mi, mo fi sí ibi tí àríyànjiyàn lè wà lórí rẹ̀: bí o bá gba ojú ọ̀nà ọlọ́dà, ó jìn, bí o bá fi okùn wọ̀n ọ́n lórí máàpù, kò jìn tó bẹ́ẹ̀. DPO mi, ọ̀gá ọlọ́pàá teṣán náà, kì í ṣe èèyàn búburú, ó kàn mọ èyí tó máa fún òun láyè. Ìyá ọlọ́kadà wá sùn ní àtìmọ́lé láìmọwọ́ láìmẹsẹ̀, ọmọbìnrin tí òǹkàwé ti ń bá ṣọ̀rẹ́ láti ojú ìwé kìíní ló sì fà á.

Mo ń fi àwọn orí náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀dọ́ kan lórí WhatsApp bí mo ṣe ń kọ ọ́. Àánú kò sí lójú àwọn ọmọ yìí. Ọ̀kan ní, "Àǹtí, ẹ ní ọlọ́pàá ni wọ́n kọ́kọ́ lọ bá? Irọ́ ni o. Ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ àti Amọ̀tẹ́kùn ni, lẹ́yìn náà wòlíì." Mo tún un ṣe. Òmíràn ní kí n fi ọmọ yahoo kan sí i, torí kò sí ìlú tí kò sí. Mo fi sí i, òun ló sì wá di ẹni tí mo fẹ́ràn jù: ó ń lu àwọn ará òkè òkun ní jìbìtì, òun nìkan náà ló gbé owó kalẹ̀ láti gba ìdúró ìyá ọlọ́kadà, bẹ́ẹ̀ owó ìdúró kò sí nínú òfin, ọ̀fẹ́ ni wọ́n kọ sára ògiri teṣán. Àwọn òbí kan ti ń kùn sí mi pé ṣé ìwé ọmọdé ló yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ṣe oore. Mo ní ilé ìwé àwọn ọmọ wọn ni wọ́n ti ń bá a jókòó.

Mo ju àwọn nǹkan kan nù. Babaláwo tó ń rí ẹni tó ṣe é nínú omi, mo yọ ọ́. Bí Ifá bá ti sọ ọ́, kí ni ọmọbìnrin náà ṣe kù? Òkú tí wọ́n máa rí ní ìdídò Ìkẹ́rẹ́ Gorge, tí wọ́n ti ń kọ́ láti ayé Shagari, mo yọ òun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ rẹwà láti kọ nípa rẹ̀. Ó ń fa ìtàn jáde kúrò nílùú, èmi sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí láàárín ìkóríta, ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tó ṣẹ́ kù báyìí ni orí ìkẹyìn, ìjà ló sì wà lórí rẹ̀. Obìnrin oní-POS ti gbé ìwé ẹ̀kọ́sáàsì náà fún ọmọbìnrin yẹn níkẹyìn, pẹ̀lú àdéhùn kan: bí ó bá lò ó, kó kọ́kọ́ lọ jẹ́wọ́ irọ́ tó pa mọ́ ọlọ́kadà. Ìdajì àwọn ọmọ orí WhatsApp ní kó lo ìwé náà kó sì pa ẹnu mọ́, pé ìyá yẹn ṣáà ti padà sílé. Àwọn tó kù ní rárá. Ọ̀kan nínú wọn, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, béèrè ẹni tó máa san owó ọ̀kadà tó bàjẹ́ sínú igbó nígbà tí ọkùnrin yẹn ń sá. Mi ò tíì ronú kan ọ̀kadà. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ṣẹẹrẹ ni mo fẹ́ padà sórí rẹ̀, ọlọ́kadà yẹn ni màá sì fi bẹ̀rẹ̀ orí náà.