Ohun tí ẹ ò ṣí wò

Àbúrò mi ló sọ ọ́, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí fóònù rẹ̀. Mo ń ráhùn pé àwọn ímeèlì mi àtijọ́ kò sí lórí kọ̀ǹpútà tuntun, ó ní, "Àǹtí mi, ohun tí ẹ ò ṣí wò láti bí ọdún mẹ́jọ, ṣé ẹ ṣì lè pè é ní tiyín ni?" Ó ti sùn báyìí. Èmi ni mo wà lójúfò.

Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí, n kò sì mọ ibi tó ti ń dùn mí gan-an.

Iṣẹ́ náà kò le. Mo gbé Thunderbird, ètò tí a fi ń ka ímeèlì, sórí kọ̀ǹpútà tuntun náà, mo kọ orúkọ àti àdírẹ́sì, òun fúnra rẹ̀ ló wá sáfà (kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ ímeèlì) rí, ó sì yan IMAP, ọ̀nà kan tí a ń gbà ka lẹ́tà. Password ló dá mi dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló kọ̀. Àṣé nítorí kóòdù orí fóònù tí mo fi kún ààbò mi, àfi kí n gba password mìíràn fún ètò yìí nìkan.

Lẹ́tà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, tòní, tàná, tèṣí. Nígbà tó kan ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó dúró. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ibẹ̀.

Àfọwọ́fà mi ni. POP3 ni mo yàn sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ńṣe nìyẹn ń fa lẹ́tà wá sínú ẹ̀rọ ẹni, tí ó sì sábà máa ń pa á rẹ́ lórí sáfà, àyàfi téèyàn bá sàmì pé kó fi ẹ̀dà sílẹ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ máa rí lẹ́tà lórí fóònù ni mo tó sàmì. Kó tó dìgbà náà, ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni mo gbà pé ó jẹ́ tèmi. Ní ti IMAP, orí sáfà ni lẹ́tà ń gbé, èèyàn kàn ń yọjú wò ó. Nítorí náà èmi àtijọ́ ló ní lẹ́tà, èmi òní ò ní nǹkan kan. Tàbí òdìkejì rẹ̀ ni? Ká ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn ti kú pátápátá ńkọ́…

Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́, pàǹtí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Rìsíìtì. Ìkìlọ̀ pé mo ti yí password padà. Ọmọ yẹn ò purọ́.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà Bàbá wà níbẹ̀. Bàbá kì í kọ nǹkan kan sínú lẹ́tà. Ibi àkọlé ló máa ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, ní lẹ́tà ńlá: MO TI RÍ I O ṢEUN. ṢÉ ARA RẸ TI YÁ. Téèyàn bá ṣí i, inú rẹ̀ ṣófo.

Ó yẹ kí n ti fi èyí dá a lóhùn! N kò ṣí wọn lóòótọ́. Kí ni ǹ bá ṣí? Bí mo bá ti ń wá nǹkan mìíràn, ojú mi á kàn bá wọn pàdé lórí ìlà.

Mo ti rí fódà náà lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́. Fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo Inbox ọ̀hún, mo ń dà á sórí fláàṣì. Tó bá parí, màá ti Thunderbird pa, màá gbé e sínú Local Folders, ibi tí Thunderbird ń kó lẹ́tà tó wà lórí ẹ̀rọ ẹni sí, màá tún un ṣí. Ó ń falẹ̀.

Mo fẹ́ jí àbúrò mi. Bàbá ò kọ ìkankan sí i. Ilé ló wà nígbà náà, ẹnu ni Bàbá fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ṣáà wà tó dárúkọ rẹ̀: ÀBÚRÒ RẸ Ń BÉÈRÈ RẸ.

Bóyá láàárọ̀.